Ibi Tí Wọ́n Ti Wa Yangí: Ṣé Ó Lè Di Adágún Odò?

Kò sí ọ̀nà kan tí kò ní kòtò tirẹ̀ níbì kan. Kí ọkọ̀ tó lè kọjá láàárín ìlú méjì lásìkò òjò láìrì sínú ẹrẹ̀, yangí àti òkúta wẹ́wẹ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń kọ́kọ́ dà sójú ọ̀nà, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi le. Ìpìlẹ̀ ilé ìwé, àgbàlá ilé ìwòsàn, ilẹ̀ ọjà tuntun, inú ilẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn ti ń jẹ. Òkúta náà kò bọ́ láti ojú ọ̀run. Oko ẹnì kan ni wọ́n ti kó o. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, tí katapílà bá sì ti lọ, ohun tó kù fún olóko ni kòtò.

Lagbé jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn agbègbè mẹ́fà tó para pọ̀ di kọmúùnù Ìfọ̀nyìn, èyí tí ìwé ìjọba ń pè ní Ifangni, ní ẹkùn Plateau, lẹ́bàá ààlà Nàìjíríà. Ilẹ̀ pupa ni ilẹ̀ Ìfọ̀nyìn. Àgbẹ̀ fẹ́ràn ilẹ̀ yìí nítorí pé ọ̀pẹ, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ń ṣe dáadáa lórí rẹ̀. Akọ́lé àti alágbàṣe ọ̀nà náà fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìfẹ́ méjèèjì kò lè gbé orí ilẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àgbẹ̀ ń lo ilẹ̀, ó sì ń fi í sílẹ̀ fún ọmọ. Ẹni tó ń wa yangí ń gbé ilẹ̀ náà lọ.

Kòtò náà ńkọ́? Ṣé bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe wà títí láé, àbí ó lè di ohun tó wúlò, adágún odò tí ẹja ń wẹ̀ nínú rẹ̀, tí igi yí ká, tí ẹyẹ ń bà sí? Àwọn ibì kan wà ní ayé tí èyí ti ṣeé ṣe. Ibòmíràn wà tí omi kún inú kòtò, síbẹ̀ tí kò di adágún tí ọkàn ènìyàn lè balẹ̀ sí. Owó wà lára ohun tó ya ibi méjèèjì sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ju owó lọ ni ìgbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa òpin iṣẹ́: ṣé kí wọ́n tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀ ni, tàbí lẹ́yìn tí kámíọ̀ ìkẹyìn ti lọ?

Omi kún kòtò, kò tíì di adágún

Nígbà tí òjò ńlá bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin, gbogbo kòtò tó wà lórí ilẹ̀ pupa ló ń gba omi. Omi náà á pupa bí epo. Ẹ̀bá kòtò sábà máa ń dúró ṣánṣán bí ògiri, nítorí ẹni tó ń wa yangí fẹ́ kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Ọmọdé tó bá sọ̀ kalẹ̀ láti lúwẹ̀ẹ́ kì í rí ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ lé nígbà tó bá fẹ́ gòkè padà: amọ̀ ń yọ̀, ẹ̀bá kòtò ń ya lulẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè fojú rí bí omi pupa náà ti jìn tó. Ẹ̀fọn ń yé ẹyin sí etí omi tó dúró sójú kan, ibà sì ń tẹ̀lé ẹ̀fọn.

Àrùn mìíràn tún wà tí àwọn ará ẹkùn Plateau mọ̀ ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Egbò Búrúlì ni. Kòkòrò àìfojúrí kan tó jẹ́ ẹbí ti ẹ̀tẹ̀ àti ti ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń fà á. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ bíi kókó lábẹ́ awọ, kókó tí kì í dunni. Lẹ́yìn náà ni yóò di egbò tó ń jẹ ara. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn kò tíì fẹnu kò lórí ọ̀nà tó ń gbà wọ ara, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí i pé àwọn tó ń gbé lẹ́bàá àbàtà àti omi tí kì í ṣàn dáadáa ni ó ń mú jù. Pọ̀bẹ̀, tí kò jìnnà sí Ìfọ̀nyìn, ni ilé ìwòsàn kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ìtọ́jú egbò yìí. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí kòtò di omi gbọ́dọ̀ sọ irú omi tí òun ń fẹ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí wọ́n wò ni bóyá omi náà yóò dúró. Lórí òkè ilẹ̀ pupa, omi abẹ́ ilẹ̀ jìn gan-an. Àwọn tó ti gbẹ́ kànga níbẹ̀ mọ̀ ọ́n. Yangí fúnra rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ nínú, omi sì ń gba inú rẹ̀ ṣàn lọ sísàlẹ̀. Bí ìsàlẹ̀ kòtò bá jẹ́ amọ̀, omi á pẹ́ níbẹ̀. Bí kò bá jẹ́ amọ̀, á gbẹ. Ní àfonífojì, níbi tí omi abẹ́ ilẹ̀ ti sún mọ́ òkè, ọ̀rọ̀ yàtọ̀.

Ìdánwò rẹ̀ kò gba ẹ̀rọ kankan. Kí wọ́n ri ọ̀pá gígùn kan mọ́ ìsàlẹ̀ kòtò nígbà tó ṣì gbẹ, ọ̀pá tí wọ́n ti fàlà sí lára. Nígbà tí òjò bá parí ní oṣù kọkànlá, kí wọ́n máa ti òkè wo ibi tí omi dé lára ọ̀pá náà, títí di oṣù kejì tí ọ̀gbẹlẹ̀ ń le. Kòtò tó bá ṣì ní omi tó dé àyà àgbàlagbà nígbà náà lè di adágún. Èyí tí omi rẹ̀ ti gbẹ tí ilẹ̀ rẹ̀ sì ti sán, igbó ni kí wọ́n fi ṣe. Kò sí ìtìjú nínú igbó.

Plateau ti Nàìjíríà

Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà náà ní ìpínlẹ̀ kan tó ń jẹ́ Plateau, bí ẹkùn tí Lagbé wà nínú rẹ̀ ti ń jẹ́. Olú ìlú ìpínlẹ̀ náà ni Jos. Láti àwọn ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn 1900 ni àwọn ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ti ń wa tánganran níbẹ̀, irin funfun tí wọ́n fi ń bo agolo kí ó má baà dípẹtà. Wọ́n tú ilẹ̀ náà káàkiri. Nígbà tí iye owó tánganran já wálẹ̀ ní ọjà àgbáyé ní àwọn ọdún 1980, iṣẹ́ náà dojú dé, ọgọ́rọ̀ọ̀rún kòtò sì wà nílẹ̀ tí òjò ti kún.

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ nípa ibẹ̀: àwọn àgbẹ̀ Jos kò káwọ́ gbera. Wọ́n ra ẹ̀rọ tó ń fa omi, wọ́n sì ń fi omi kòtò bomi rin ọ̀dùnkún, tòmátì, kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọkọ̀ ń kó èso oko yìí lọ sí ọ̀nà jíjìn, títí dé ọjà Èkó. Ẹja wà nínú àwọn kòtò kan, ẹyẹ omi sì ń bà síbẹ̀. Ẹni tó bá kọjá lójú ọ̀nà lè rò pé adágún tí Ọlọ́run dá ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn kòtò náà ni ẹnikẹ́ni kò dẹ ẹ̀bá wọn, tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣe ọgbà yí ká. Ènìyàn àti màlúù ń já sínú wọn, ọmọdé ń kú sínú wọn. Ní àwọn ibì kan, yanrìn tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ tánganran ní ìtànṣán tó lè pa ènìyàn lára, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ti kó nínú rẹ̀ kọ́ ilé. Ìjọba gbin igi yukalíptọ́ọ̀sì sórí apá kan ilẹ̀ náà láti tún un ṣe. Igi náà hù, ó sì wúlò fún ìdáná àti fún òpó ilé. Ṣùgbọ́n oríṣi igi kan ṣoṣo kì í di igbó; ẹranko kì í rí oúnjẹ púpọ̀ lábẹ́ yukalíptọ́ọ̀sì.

Òfin ló dá adágún Lọ́ńdọ̀nù

Àwọn Yorùbá pọ̀ ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, ní Tottenham àti Edmonton. Odò kan ń ṣàn kọjá nítòsí wọn, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lea. Inú àfonífojì odò yìí ni wọ́n ti wa òkúta wẹ́wẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, láti fi po kọnkéré ilé àti ọ̀nà. Omi abẹ́ ilẹ̀ sún mọ́ òkè níbẹ̀, nítorí náà bí wọ́n ti ń wa òkúta ni kòtò ń kún.

Ní ọdún 1966, ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin kan tó dá àjọ kan sílẹ̀ láti sọ àfonífojì náà di ọgbà fún gbogbo ènìyàn. Àjọ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1967. Ọgbà náà gùn tó kìlómítà 42. Àwọn kòtò òkúta àtijọ́ ti di adágún tí wọ́n ń pẹja, tí wọ́n sì ń tukọ̀ lórí wọn. Ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan tó ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó máa ń fara pamọ́ sáàárín koríko gíga etí omi, ń wá síbẹ̀ nígbà òtútù, àwọn ènìyàn sì ń dúró pẹ́ nínú òtútù náà kí wọ́n lè rí i fún ìṣẹ́jú kan.

Ohun tó yẹ kí ará Lagbé fọkàn sí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ibi tí owó ti ń wá. Òfin ọdún 1966 kò sọ pé kí ẹni tó bá láàánú ṣe ìtọrẹ. Ó fún àjọ náà ní ẹ̀tọ́ láti gba owó lọ́dọọdún lọ́wọ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù àti ti ẹkùn méjì tó bá a pààlà. Adágún tí kò ní ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ á tún padà di kòtò.

Ọ̀kùn Mombasa

Àpẹẹrẹ tó kọ́ni jù wà ní ilẹ̀ Áfíríkà fúnra rẹ̀, ní Bamburi lẹ́bàá ìlú Mombasa, ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, létí òkun ìlà-oòrùn. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní ọdún 1954. Òkúta ẹfun ni wọ́n ń wà níbẹ̀, bí wọ́n ti ń wà á ní Onígbólò ní ìhà Pọ̀bẹ̀, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ń sun ún kí ó tó di sìmẹ́ńtì. Nígbà tí ó fi di ọdún 1971, ilẹ̀ tí wọ́n ti wà tán ti dà bí ojú àpáta. Ó funfun, ó gbóná, kò sí erùpẹ̀, kò sí ewé kan. Omi tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní iyọ̀ nínú.

Ní ọdún náà ni ilé iṣẹ́ náà gbé iṣẹ́ kan lé René Haller lọ́wọ́, ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan tó mọ iṣẹ́ ọ̀gbìn: kí ó wá ohun tí yóò hù níbẹ̀. Haller kò ní erùpẹ̀ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ó gbẹ́ ihò sínú àpáta, ó sì gbin oríṣi igi 26 wò. Mẹ́ta péré ló yè. Ọ̀kan nínú wọn ni àgbọn. Èkejì jẹ́ igi kan tó wá láti ìhà Sòmálíà. Ẹ̀kẹta ni filáò, igi kan náà tí wọ́n gbìn sí etí òkun ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀, tí ewé rẹ̀ tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́.

Filáò borí àwọn yòókù. Ó ń fara da iyọ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé nínú kókó ara gbòǹgbò rẹ̀ ń fa oúnjẹ fún un láti inú afẹ́fẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn ti gbòǹgbò ẹ̀wà àti ẹ̀pà ti ń ṣe. Nítorí èyí, ó lè gbé lórí ilẹ̀ tí kò sí oúnjẹ nínú rẹ̀.

Igi náà dàgbà kíákíá, ìṣòro mìíràn sì yọjú. Ewé rẹ̀ ń bọ́, ó ń kún ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹrà, nítorí pé oje kíkorò kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ewé rà kò fẹ́. Ewé tí kò jẹrà kò lè di ilẹ̀ dúdú. Bí ilẹ̀ dúdú kò bá sì sí, igi mìíràn kò lè hù. Ohun tó yanjú ọ̀rọ̀ náà ni ọ̀kùn. Haller ṣàkíyèsí pé ọ̀kùn ẹlẹ́sẹ̀ pupa kan tó wà ní agbègbè náà ń jẹ ewé filáò. Ó kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn wá sábẹ́ àwọn igi náà. Ọ̀kùn jẹ ewé, ìgbẹ́ ọ̀kùn bọ́ sílẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí sì parí iṣẹ́ náà. Ilẹ̀ dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í bo àpáta. Ọ̀kùn tí ọmọdé ń fi igi tì kí ó lè ká ara rẹ̀ jọ bí òrùka, òun ló ṣe iṣẹ́ tí katapílà kò lè ṣe.

Nígbà tí ilẹ̀ ti wà, àwọn igi mìíràn tẹ̀lé e. Adágún wà láàárín igbó náà. Wọ́n ń sin ẹja epìyà àti ọ̀nì níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ wá fúnra wọn. Àgùnfọn, ẹfọ̀n àti erinmi ni wọ́n mú wá. Ní ọdún 1984 wọ́n ṣí ibẹ̀ fún àlejò. Ní 1987, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń bójú tó àyíká fún Haller ní ẹ̀bùn tí wọ́n ń pè ní Global 500. Lónìí, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ọgbà náà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kárí ayé gbọ́ nípa ibẹ̀ nítorí ọmọ erinmi kan. Ìgbì ńlá tó jà lórí òkun Íńdíà ní 26 oṣù kejìlá 2004 ló sọ ọ́ di aláìlẹ́nìkan létí òkun nítòsí Malindi. Wọ́n gbà á là, wọ́n sì gbé e wá sí ọgbà Haller. Bó ti dé, ó sá lọ bá ìjàpá ńlá kan tí wọ́n ní ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé e kiri bí ọmọ ti ń tẹ̀lé ìyá. Owen ni wọ́n sọ erinmi náà. Ìjàpá ń jẹ́ Mzee, èyí tó túmọ̀ sí àgbàlagbà ní èdè Swahili. Inú ilẹ̀ tí wọ́n ti wa òkúta sìmẹ́ńtì ni àwọn méjèèjì ti ń jùmọ̀ sùn.

Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n kí adùn rẹ̀ má ṣe bo ohun tó náni. Ilé iṣẹ́ ńlá kan ló ń san owó iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún mẹ́tàdínlógún ti kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sìmẹ́ńtì kí wọ́n tó gbin igi àkọ́kọ́. Bí ó bá ṣe pé erùpẹ̀ wà nípamọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan, wọn kì bá tí máa fi ọ̀kùn dá a ní díẹ̀díẹ̀.

Ẹranko lè padà

Àwọn kan lè rò pé ẹranko igbó kò lè tún gbé gúúsù Bẹ̀nẹ̀ mọ́, nítorí pé ilé àti oko ti gba ibẹ̀. Drabo, ní ìhà Abomey-Calavi, fi hàn pé ó ṣì ṣeé ṣe. Peter Neuenschwander, onímọ̀ nípa kòkòrò tó wà lára àwọn tó bá kòkòrò tó ń pa ẹ̀gẹ́ jà ní Áfíríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀ oko tó ti ṣá síbẹ̀ láti ọdún 1995. Ó jẹ́ kí igbó padà sórí rẹ̀, ó sì ń gbin àwọn igi ìbílẹ̀ tí wọ́n ti ń pa run. Ọ̀bọ aláyà pupa, tó ṣọ̀wọ́n gan-an ní ayé, ń gbé inú igbó kékeré náà. Ilẹ̀ Drabo kì í ṣe kòtò yangí, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n òjò kan náà ló ń rọ̀ sórí rẹ̀ àti sórí Lagbé, ilẹ̀ pupa kan náà ló sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ohun tí wọ́n lè ṣe ní Lagbé

Ilẹ̀ dúdú tó wà lókè, tí ìjìnlẹ̀ rẹ̀ kì í sábà ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, ni gbogbo ọrọ̀ oko. Inú rẹ̀ ni irúgbìn, gbòǹgbò, ekòló àti ọ̀kùn wà. Ẹni tó bá ń wa yangí kò nílò rẹ̀. Ìdíwọ́ ló jẹ́ fún un, nítorí náà ó máa ń tì í dànù tàbí kó dà á pọ̀ mọ́ ìyókù. Kí wọ́n ha á lọ́tọ̀, kí wọ́n kó o jọ sí ẹ̀gbẹ́ oko, kí òkìtì rẹ̀ má ga ju ènìyàn lọ, kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́, wọn á tún tẹ́ ẹ padà sórí ẹ̀bá kòtò, koríko á sì hù láìsí pé ẹnikẹ́ni gbìn ín.

Ẹ̀bá kòtò ni ó kàn. Ògiri ṣánṣán gbọ́dọ̀ di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí ènìyàn bá fi rin ìgbésẹ̀ mẹ́ta síwájú, kí ó má sọ̀ kalẹ̀ ju ìwọ̀n ìgbésẹ̀ kan lọ. Ọmọ tó bá ṣubú sínú omi á lè fẹsẹ̀ rìn jáde. Etí omi tí kò jìn yìí náà ni ibi tí lékeléke àti ẹyẹ apẹja ti ń wá oúnjẹ, tí ọ̀pọ̀lọ́ sì ti ń yé. Bí wọ́n bá fi ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ láìwà láàárín kòtò, á di erékùṣù tí ẹyẹ lè kọ́ ìtẹ́ sí láìsí ìbẹ̀rù ajá.

Nípa igi, akasíà tí wọ́n ti ń gbìn káàkiri ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ tí filáò ṣe ní Mombasa, nítorí òun náà ń fa oúnjẹ láti inú afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n aṣáájú ni kó jẹ́, kì í ṣe onílé. Ọparun àti ògùrọ̀ ni wọ́n yẹ létí omi, kí gbòǹgbò wọn lè di ẹ̀bá mú. Lókè, ọ̀pẹ, ìrókò àti àràbà. Nínú omi, epìyà àti àrọ̀. Àrọ̀ lè fara da omi tí kò mọ́, epìyà sì máa ń jẹ lára ọmọ ẹ̀fọn. Síbẹ̀, ẹja nìkan kò lè mú ibà kúrò, kí àwọn ènìyàn má sì pa àpò ẹ̀fọn wọn tì. Omi adágún kì í ṣe omi mímu. Nítorí egbò Búrúlì, kò tún yẹ kí ọmọdé máa wẹ̀ nínú rẹ̀, bó ti wù kó mọ́ tó lójú.

Ọdẹ náà ní láti gbọ́. Bí ọ̀yà àti awọ́nrínwọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í padà sínú igbó etí omi, tí ìbọn sì ń dún lálẹ́ ọjọ́ kejì, wọn kò ní padà mọ́. Àwọn àgbààgbà ìlú lè fi àṣẹ lé ibẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe fún igbó orò.

Kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ka

Òfin wà. Òfin àyíká ti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, nọ́ńbà 98-030, tí wọ́n ṣe ní 12 oṣù kejì 1999, sọ pé kí iṣẹ́ tó lè ba àyíká jẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí ohun tí yóò ti ibẹ̀ yọ. Àjọ ìjọba tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ ní ABE ló ń yẹ ìwádìí náà wò. Òfin yìí kan náà fi àyè sílẹ̀ fún ìpàdé gbangba, níbi tí ará ìlú ti lè bèèrè ọ̀rọ̀ kí wọ́n sì gbọ́ èsì. Òfin ìwakùsà ti 17 oṣù kẹwàá 2006 náà kan ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta àti yangí, ó sì di ojúṣe títún ilẹ̀ ṣe ru ẹni tó wà á.

Ṣùgbọ́n òfin kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ oko. Kòtò kékeré lè bẹ̀rẹ̀ láàárín olórí ẹbí kan àti oníkámíọ̀ kan. Iye kámíọ̀ ni wọ́n ń kà, owó ń wọlé lójoojúmọ́, kò sì sí ìwé. Owó náà dára. Ó ń san owó ilé ìwé, ó ń tún òrùlé ṣe, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bú olóko tó gbà á. Àìsí ìwé ni ó burú. Ọdún kan lẹ́yìn náà, owó ti tán, oníkámíọ̀ ti lọ sí abúlé mìíràn, kò sì sí ẹni tí wọ́n lè pè sí ọ̀dọ̀ mẹ́à kọmúùnù láti wá dẹ ẹ̀bá kòtò.

Nítorí náà, ẹbí tó bá fẹ́ ta yangí ní láti jókòó kí ọkọ̀ kankan tó dé, kí wọ́n sì jẹ́ kí ìwé sọ ibi tí ìwàlẹ̀ yóò parí sí àti bí yóò ti jìn tó, ibi tí wọn yóò kó ilẹ̀ dúdú sí, ẹni tí yóò fi katapílà dẹ ẹ̀bá kòtò kí ó tó kúrò níbẹ̀. Kí wọ́n fi apá kan owó kámíọ̀ kọ̀ọ̀kan pamọ́ sí ọwọ́ ẹni tí ẹbí àti oníṣẹ́ jọ fọkàn tán, kí oníṣẹ́ má sì rí i gbà títí iṣẹ́ àtúnṣe yóò fi parí. Bí ìwé náà bá jẹ́ ti èdè Faransé, kí wọ́n kà á sókè ní Yorùbá lójú gbogbo ẹbí, àti ọkùnrin àti obìnrin, kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ka. Àwọn tó ti kẹ́kọ̀ọ́ ìwé kíkà nígbà tí wọ́n ti dàgbà ni irú iṣẹ́ yìí yẹ jù, nítorí wọ́n mọ ohun tí àìmọ̀wé ti ná wọn.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ kìíní ní oko náà kì í ṣe yangí wíwà rárá. Katapílà á kọ́kọ́ ha ilẹ̀ dúdú, á kó o jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn obìnrin ilé á sì fọ́n irúgbìn ẹ̀wà sórí òkìtì náà kí òjò má baà wọ́ ọ lọ.